Páásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì ti dọ́wọ́ mi: ṣé mo ṣì nílò físà?

Ìyá Tòbí (Leeds)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti dé Ìlú Ọba. Oṣù tó kọjá ni mo lọ búra, Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ yìí sì ni ìwé aláwọ̀ búlúù náà dé ẹnu ọ̀nà mi. Mo sunkún. Ẹni tó bá ti tò sórí ìlà físà rí, tó kó ìwé báǹkì oṣù mẹ́fà sínú fáìlì, tí wọ́n sì dá a padà, á mọ ìdí rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Oṣù Kejìlá ni mo fẹ́ mú àwọn ọmọ mi méjì lọ Nàìjíríà, ọmọ ọdún 14 àti ọmọ ọdún 8. Ibí ni wọ́n bí wọn sí, páásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n sì ní. Iṣẹ́ ò ní jẹ́ kí bàbá wọn bá wa lọ. Bí a bá dé Èkó, mo fẹ́ mú wọn dé Kétu ti Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ìyá tó bí màmá mi lè fojú kàn wọ́n. Màmá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, fọ́tò nìkan ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n.

Tó bá di Ọdún Àjíǹde, gbogbo wa fẹ́ lọ sí Sípéènì fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọkọ mi ṣì ń lo ìwé Nàìjíríà, pẹ̀lú àṣẹ ìgbélùú tí kò ní gbèdéke.

Ìwé Nàìjíríà tèmi ti kú láti ọdún tó kọjá. Àbúrò mi ní kí n gbé e jù sínú àpótí, pé ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Ṣé òótọ́ ni? Mi ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì o.

Ṣọlá Lewisham

Ẹ kú oríire, Ìyá Tòbí! Òótọ́ làbúrò yín sọ. Ẹ gbéra, ẹ máa lọ. Ilé yín lẹ ń lọ, ta ni yóò bi ọmọ Yorùbá ní físà ní Èkó? Ẹ sọ orúkọ yín fún wọn, ó tán.

Bàbá Adùkẹ́

Ṣọlá, jọ̀ọ́, má tọ́ka ọ̀nà yẹn fún un. Wọn ò tilẹ̀ ní jẹ́ kó dé Èkó kí wọ́n tó dá a dúró. Ibi tí wọ́n ti ń wọn báàgì níbí ni ọ̀rọ̀ á ti bẹ́yìn yọ. Bí ọkọ̀ òfurufú bá gbé ẹni tí kò níwèé ìwọ̀lú, àwọn náà ni wọn yóò gbé e padà. Nítorí náà wọn kì í wo orúkọ, wọn kì í wo ilà ojú, ìwé ni wọ́n ń wò.

Ìyá Tòbí, ẹ kú oríire, ẹ kú ìfaradà. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń lọ sí Nàìjíríà nílò físà. Láti 1 Oṣù Karùn-ún 2025 ni Nàìjíríà ti gbé físà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì fòpin sí èyí tí wọ́n ń fún èèyàn ní pápákọ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n mú fọ́ọ̀mù ìwọlé àti ti ìjáde wá, tí àjèjì gbọ́dọ̀ kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó wọ ọkọ̀. Bí ẹ bá fi ìwé búlúù nìkan lọ, àjèjì ni yín lójú òfin, àti ẹ̀yin àti àwọn ọmọ.

Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ẹ lọ bí àjèjì. Òfin Ìpìlẹ̀ 1999, abala 25, sọ pé ẹni tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn odi, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni láti ìgbà ìbí. Abala 28 ni ti ọmọ ìlú méjì: ẹni tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí kò sọ ọ́ nù nítorí pé ó búra fún ìlú mìíràn. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ búra, kò sì sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ Tòbí. Ìwé tó ń jẹ́rìí sí i nìkan ni kò sí lọ́wọ́. Ẹ sọ ìwé tiyín dọ̀tun, kí ẹ gba ti àwọn ọmọ. Gbogbo yín lẹ máa nílò NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, kẹ́ ẹ tó lè gbà á. Àwọn kan wà níbí tí wọ́n láṣẹ láti forúkọ èèyàn sílẹ̀ fún un, ẹ má dúró de Oṣù Kọkànlá.

Ohun kan tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi: bí ẹ bá fi ìwé Nàìjíríà wọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni yín níbẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà lè dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ ìlú méjì tó bá wà nínú ìlú rẹ̀ kejì. Kì í ṣe ohun ẹ̀rù, ẹ kàn mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó gbéra ni.

Ìyá Tòbí (Leeds)

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ẹ ti tù mí lára. Mo kúkú rò pé mo ti ta ilé bàbá mi lọ́jọ́ tí mo búra.

Ìyá ọkọ mi gbọ́ pé a fẹ́ gba ìwé fún àwọn ọmọ, inú wọn dùn. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí oríkì wọ ìwé Nàìjíríà ti àwọn ọmọ, Àkànní àti Àṣàkẹ́, nítorí kò sí nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì wọn. Wọ́n tún ní Olúwatóbi ló yẹ kó ṣíwájú, Daniel kó tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ ṣe é fún wọn. Ṣé ó ní wàhálà?

Abẹ̀kẹ́ Manchester

Ìyá Tòbí, ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ dúró ná. Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí jẹ mí níyà.

Nígbà tí mo gba ìwé Nàìjíríà fún ọmọ mi ọkùnrin, mo fi orúkọ tí bàbá mi sọ ọ́ ṣíwájú, mo sì fi Àjàní kún un. Èrò mi ni pé ìwé ilé ni, kí ó ní orúkọ ilé nínú. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ti Gẹ̀ẹ́sì parí. Níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ dọ̀tun, wọ́n bi mí bóyá ọmọ náà ní ìwé ìlú mìíràn, wọ́n ní kí n fi ẹ̀dà ojú ewé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n rí i pé orúkọ méjèèjì ò bára mu, wọ́n dá iṣẹ́ dúró. Òfin wọn ni pé orúkọ kan ṣoṣo lèèyàn gbọ́dọ̀ máa jẹ́ nínú gbogbo ìwé ìjọba. Wọ́n ní kí n lọ tún ti Nàìjíríà ṣe kí àwọn tó tẹ tuntun. Ìrìn-àjò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọjá lórí èyí. Kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó dùn mí dọ́kàn, nítorí ọwọ́ mi ni mo fi fà á.

Nítorí náà, bí orúkọ bá ṣe rí nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà kan sí èkejì, èyí tó ṣíwájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà ni kó rí nínú ti Nàìjíríà. Ẹ ṣàlàyé fún màmá pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bó bá wá ṣe pàtàkì fún wọn gan-an, ẹ fi oríkì náà kún ti Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́, ní ọ̀nà òfin, kẹ́ ẹ tó wá gba ti Nàìjíríà. Èmi ò lè sọ pé kẹ́ ẹ gbàgbé oríkì. Orí ẹní nílé ni mo ti ń ki ọmọ tèmi báyìí láràárọ̀.

Bàbá Adùkẹ́

Abẹ̀kẹ́ ti sọ òótọ́. Mo gbàgbé èyí.

Délé Croydon

Ẹ̀yin àgbà ti sọ ti lílọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bíbọ̀. Láti 25 Oṣù Kejì 2026, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó tún jẹ́ ọmọ ìlú mìíràn gbọ́dọ̀ ní páásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbé e padà wá síbí, tàbí kó ní ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ ìgbélùú. Pọ́n-ùn 589 ni owó ìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2026, ó ju owó páásípọ́ọ̀tù lọ fíìfíì.

Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó máa ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn wa. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ búra, tí kò tíì gba páásípọ́ọ̀tù, tí ìpè ìsìnkú wá dé láti ilé, tó bá fi ìwé Nàìjíríà sáré lọ, ọ̀nà àbọ̀ lè dí mọ́ ọn. Káàdì ìgbélùú àtijọ́ ò ràn án lọ́wọ́ mọ́, ìparí 2024 ni wọ́n ti fòpin sí wọn. Àṣẹ ìgbélùú tó ní tẹ́lẹ̀ pàápàá ti parí lọ́jọ́ tó di ọmọ onílùú. Ẹ gba páásípọ́ọ̀tù gẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ bá ti búra.

Fún Ìyá Tòbí: ìwé méjèèjì ni kẹ́ ẹ gbé dání lọ, kẹ́ ẹ gbé e dání bọ̀. Níbí, ẹ fi ti Nàìjíríà han àwọn ọkọ̀ òfurufú, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ò nílò físà. Ní Èkó, ti Nàìjíríà ni kẹ́ ẹ fún aṣọ́bodè nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọlé àti nígbà tẹ́ ẹ bá ń jáde. Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ fi ti Gẹ̀ẹ́sì han àwọn tó ń gba báàgì. Ọkọ yín náà, tí àṣẹ ìgbélùú rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, bó bá gba páásípọ́ọ̀tù tuntun, kó tètè fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú àkáǹtì rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè Gẹ̀ẹ́sì.

Tísà Bọ́lá

Ẹ jẹ́ kí n gba ti Sípéènì. Ní Oṣù Karùn-ún 2023, wọ́n dá mi padà ní pápákọ̀ níbí, èmi tí mo ti ní ìwé Gẹ̀ẹ́sì látọjọ́ pípẹ́. Oṣù Kẹta 2013 ni wọ́n tẹ ìwé mi, wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé Oṣù Kejìlá 2023 ló máa parí, nítorí nígbà yẹn wọ́n máa ń fi oṣù tó ṣẹ́kù nínú ti àtijọ́ kún tuntun, ó lè tó mẹ́sàn-án. Wọ́n fòpin sí àṣà yẹn ní Oṣù Kẹsàn-án 2018. Lójú tèmi, oṣù méje ló kù. Lójú òfin Yúróòpù, ìwé mi ti ju ọdún mẹ́wàá lọ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ wọlé, kò wúlò mọ́. Ọmọ mi obìnrin ń ṣe ìgbéyàwó ní Málaga lọ́jọ́ kejì. Fóònù ni mo fi wò ó.

Nítorí náà, ẹ wo ọjọ́ méjì nínú ìwé yín. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kò gbọ́dọ̀ tíì pé ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé. Ọjọ́ tó máa parí gbọ́dọ̀ fi oṣù mẹ́ta kọjá ọjọ́ tẹ́ ẹ máa jáde. Ìyá Tòbí, tiyín tuntun ni, kò sí ìṣòro, ṣùgbọ́n ẹ wo ti àwọn ọmọ. Ọdún márùn-ún péré ni ti ọmọdé ń lò.

Láti ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù, ọjọ́ 90 nínú ọjọ́ 180 èyíkéyìí ni a lè lò láìsí físà, àpapọ̀ sì ni fún gbogbo ilẹ̀ 29 tó wà nínú ètò Schengen, àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó pa ẹnubodè wọn pọ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé àti ọjọ́ tẹ́ ẹ jáde wà nínú kíkà. Láti 12 Oṣù Kẹwàá 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ rọ́pò òǹtẹ̀: wọ́n á ya ojú yín, wọ́n á gba ìtẹ̀ka. Wọn kì í gba ìtẹ̀ka ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, nítorí náà fọ́tò nìkan ni ti ọmọ ọdún 8 yẹn. Ọ̀fẹ́ ni. Ìlà a máa gùn, ẹ mú omi àti ìpápánu dání fún un.

Wọ́n tún ti kéde ETIAS, ìwé ìyọ̀ǹda orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a máa gbà ká tó lọ, fún ìparí ọdún 2026. Yúróò 20 ni wọ́n fi owó rẹ̀ sí, ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 18 ò ní sanwó, ṣùgbọ́n ó máa gba ìwé náà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó di Ọdún Àjíǹde. Ojú òpó Yúróòpù gan-an nìkan ni kẹ́ ẹ lò. Àwọn oníjìbìtì ti ṣí ojú òpó tó jọ ọ́ sílẹ̀ de àwa tí a ò fara balẹ̀ kàwé.

Abẹ̀kẹ́ Manchester

Tísà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìgbéyàwó ọmọ ẹni!

Ẹ má gbàgbé bàbá Tòbí. Òun nílò físà Schengen, Yúróò 90 fún àgbàlagbà. Pé ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ò yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, ó máa ń ran ọkọ tàbí aya lọ́wọ́, ó ti tán. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, kó má sì jẹ́ kó ku ọjọ́ 15. Ní tèmi, ẹ má san owó òtẹ́ẹ̀lì tí wọn ò ní dá padà títí físà rẹ̀ á fi jáde.

Ṣọlá Lewisham

Bàbá Adùkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo sọ ohun tí mi ò mọ̀ dáadáa, mo sì dúpẹ́ pé Ìyá Tòbí ò gbà mí gbọ́.

Ó ti mú kí n yẹ ti ara mi wò. Mo fẹ́ lọ sí Kúbà fún ìsinmi, kí n sì lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Houston lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni mo ní. Ṣé ESTA, ìyọ̀ǹda orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, ti tó fún Amẹ́ríkà?

Ọmọ Ọ̀ṣun (Birmingham)

Ṣọlá, àbúrò mi, ká ní mo ríni bi irú ìbéèrè yìí ni.

Ọdún 2023 ni mo lọ sí Matanzas ní Kúbà. Ọdún mélòó kan ni mo fi ń tọ́jú owó ìrìn-àjò yẹn. Mo fẹ́ gbọ́ báwọn ọmọ Lùkùmí, àwọn ìran Yorùbá ibẹ̀, ṣe ń kọrin Ọ̀ṣun. Mo gbọ́ ọ. Ìyá àgbà kan dá orin tí mo mọ̀ láti kékeré ní Òṣogbo, àwọn ọ̀rọ̀ náà ti yí díẹ̀ lẹ́nu wọn, èmi àti òun di ọwọ́ ara wa mú, a ń sunkún. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó yá, mo kọ ESTA láti lọ sí ìpàdé àwọn olórìṣà ní Florida. Wọ́n bi mí nínú fọ́ọ̀mù bóyá mo ti dé Kúbà láti 12 Oṣù Kínní 2021, ọjọ́ tí Amẹ́ríkà dá Kúbà padà sínú ìwé àwọn ìlú tí wọ́n ní ó ń ṣonígbọ̀wọ́ àwọn afẹ̀míṣòfò. Mo sọ òótọ́. Wọn ò fún mi. Ìsinmi ni o, ẹ̀sìn ni o, ọjọ́ kan ni o, ìdájọ́ kan náà ni: o ò lè lo ESTA mọ́, físà gidi lo máa gbà. Dọ́là 185, fọ́ọ̀mù gígùn, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nílé aṣojú Amẹ́ríkà ní Nine Elms, Lọ́ńdọ̀nù. Mo rí físà náà gbà, ṣùgbọ́n ìpàdé ti kọjá. Ẹni tí kò tíì dé Kúbà, nǹkan bíi dọ́là 40 ni ESTA láti ìparí Oṣù Kẹsàn-án 2025, ọdún méjì ló sì ń lò, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 90 lọ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, Ṣọlá, kí Houston kọ́kọ́ lọ. Bó o bá wá lọ sí Kúbà lẹ́yìn rẹ̀, mọ̀ pé o ti yàn. Kúbà fúnra rẹ̀ ní físà orí íntánẹ́ẹ̀tì àti fọ́ọ̀mù D'Viajeros, wọ́n sì ń béèrè ìwé ìbánigbófò ìlera.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òrìṣà ló ń wù ọ́, Bùràsíìlì ò ní wàhálà kankan. Ní Oṣù Kẹrin 2025, wọ́n dá físà padà fún ọmọ Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ọsirélíà, ṣùgbọ́n ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń wọlé fún ọjọ́ 90 láìsí físà. Mo ti lọ sí Salvador lẹ́ẹ̀mejì.

Délé Croydon

Láti 1 Oṣù Kínní 2026, Amẹ́ríkà ti ti ilẹ̀kùn físà àbẹ̀wò àti ti akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Ọmọ ìlú méjì tó bá fi ìwé Gẹ̀ẹ́sì rìn kò sí nínú rẹ̀. Ṣọlá, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni kó o fi lọ.

Alhaji Luton

Àlàáfíà fún yín. Díẹ̀ ni tèmi. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lè fi físà àbẹ̀wò orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Sáúdì ṣe Úmúrà, ṣùgbọ́n kò lè fi ṣe Hájì. Nusuk, ojú òpó ìjọba Sáúdì, nìkan ni ọ̀nà Hájì fún wa. Abẹ́rẹ́ àrùn yírùnyírùn, irú ACWY, pọn dandan, ó kéré tán ọjọ́ 10 kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ta Hájì fún yín lórí físà àbẹ̀wò.

Ìyá Tòbí (Leeds)

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, Kétu ńkọ́? Òun ló jẹ mí lógún jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ọmọ Kétu

Ẹ kú ilé, ìyá wa. Ìwé Nàìjíríà ló máa ràn yín lọ́wọ́ jù níbí. Nàìjíríà àti Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ jọ wà nínú ECOWAS, ẹ ò nílò físà fún ọjọ́ 90. Bẹ́ ẹ bá fi ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan rìn, ìṣòro méjì ni. Ẹ máa gba físà Bẹ̀nẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èkejì ló máa ń mú èèyàn: bí físà Nàìjíríà yín bá jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, ó parí ní kété tẹ́ ẹ bá bọ́ sí òdì kejì ẹnubodè. Ẹ máa wà lọ́dọ̀ màmá ní Kétu, ọkọ̀ òfurufú yín á sì wà ní Èkó.

Káàdì yẹ́lò, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ẹ má fi ṣeré. Bẹ̀nẹ̀ ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń wọlé, tọmọdé tàgbà. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láti 2016 sì ni wọ́n ti ní ó wúlò títí ayé, ẹ ò ní gbà á mọ́. Ẹ gba ẹnubodè gidi tí aṣọ́bodè ìlú méjèèjì wà, bíi Sẹ̀mẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ jíjáde àti ti wíwọlé. Àwọn ọlọ́kadà á sọ pé àwọn mọ ọ̀nà inú igbó. Ẹ má tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọmọ. Kẹ́ ẹ sì ka ìmọ̀ràn ìrìn-àjò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí àwọn agbègbè ẹnubodè kẹ́ ẹ tó lọ, nítorí bí wọ́n bá ní kí ènìyàn má dé ibì kan, ìbánigbófò yín lè má ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Abẹ̀kẹ́ Manchester

Ẹ̀yin nìkan lẹ sì ń mú àwọn ọmọ lọ. Ẹ jẹ́ kí bàbá wọn kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda, kó fọwọ́ sí i, kó kọ ọjọ́ ìlọ, ọjọ́ àbọ̀, ibi tẹ́ ẹ máa dé sí àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ẹ fi ìwé ìbí wọn tì í. Wọ́n bi èmi léèrè nígbà kan, nítorí orúkọ bàbá mi ni mo ṣì ń jẹ́.

Ìyá Tòbí (Leeds)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúpẹ́. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ la máa lọ ṣe NIN. Bàbá Tòbí ti kọ lẹ́tà náà lálẹ́ àná. Mo pe ìyá rẹ̀, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orúkọ, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní kí n gbé fóònù fún Tòbí. Wọ́n kì í ní Àkànní láti òkè dé ilẹ̀, ó sì dúró gbọ́ ọ tán. Ó ti ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun, kí òun lè kà á fún màmá àgbà ní Kétu.

Ìbéèrè tó kù: ìwé wo ni kí n fi ra tíkẹ́ẹ̀tì?

Délé Croydon

Orúkọ kan náà ló wà nínú méjèèjì, tíkẹ́ẹ̀tì ò ní yí padà. Bí wọ́n bá béèrè nọ́ńbà, ẹ fi ti Nàìjíríà sí apá ìlọ, ti Gẹ̀ẹ́sì sí apá àbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìwé àwọn ọmọ jáde kẹ́ ẹ tó sanwó.